Gìtá tòkunbọ̀ tó gba ara àfàrà ní Àkúrẹ́

Ọrùn ni mo rà. Nígbà tí mo ń sanwó gìtá oníná yìí, mo ti mọ̀ pé ara rẹ̀ kò ní pẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwòṣe Stratocaster ni, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Fender kọ́kọ́ gbé jáde l'Ámẹ́ríkà ní 1954, tí àwọn ilé iṣẹ́ káàkiri ayé sì ti ń ṣe irú rẹ̀ látìgbà náà. Orúkọ tó wà lórí tèmi ti ṣí kúrò, n kò mọ ẹni tó ṣe é. Ó bá ẹrù tòkunbọ̀ dé, wọ́n tò ó sáàárín fáànù àti ẹ̀rọ ìlọta ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Oyèmẹ́kùn, omi sì ti wọ̀ ọ́ lára kó tó dé ibẹ̀. Plywood ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi tí a ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́, àwọn ìpele pákó náà ti ya kúrò lára ara wọn, ó wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.

Ọmọkùnrin tó ń tà á kò fi pa mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó dáadáa o. Ó ti wú. Ẹ má délé kẹ́ ẹ wá máa bínú sí mi." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ibòmíì ni mo ń wò.

Mo gbé ìdí gìtá náà sí èjìká, mo di ojú kan, mo fi ìkejì wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí dé orí. Ó gún, kò lọ́. Mo ti mú Allen key dání láti ilé, mo kì í bọ orí truss rod, irin gígùn tó wà nínú ọrùn tí a fi ń dá a padà bí okùn bá fà á tẹ̀. Mo yí i díẹ̀ sápá ọ̀tún, mo dá a padà sápá òsì, ó gbọ́ràn. Mo fi èékánná ra orí àwọn fret, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn, okùn ti jẹ wọ́n díẹ̀ lápá òkè, kò burú. Péègì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a fi ń fa okùn ń yí láì mì. Lẹ́yìn èyí la tó sọ̀rọ̀ owó, ara tó wú náà sì bá mi já owó wálẹ̀ gan-an.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra gìtá oníná àlòkù nìyẹn: ọrùn ni kẹ́ ẹ wò. Bí truss rod bá ti takú, tàbí ọrùn ti lọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó. Ààyè tó wà láàárín fret kan sí ìkejì ní ìṣirò tirẹ̀. Lórí irú gìtá yìí, láti nut tó wà lókè ọrùn títí dé ibi tí okùn fi orí lé ní bridge jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 64.8, fret kejìlá sì gbọ́dọ̀ wà ní ìdajì gẹ́lẹ́, ìyẹn 32.4. Bí fret kan bá fi mìlímítà kan péré yà, etí á gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn, kì í ṣe ohun tí a lè ní kí káfíńtà fojú wọ̀n. Ara gìtá ní tirẹ̀, pákó tó di gbogbo nǹkan mú sáyè wọn ni, Àkúrẹ́ kò sì ṣaláìní pákó.

Pákó

Bàbá kan ní Ìjọ̀kà, tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ gbẹ́ igi, ni mo gbé iṣẹ́ náà lọ bá. Mo kí wọn, mo tẹ́ gìtá náà síwájú wọn. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n fi èékánná ṣí plywood náà, wọ́n mi orí.

"Ọmọ mi, igi wo lo fẹ́? Ìrókò ń bẹ. Ọ̀gànwó ń bẹ."

Mo ní àfàrà ni mo fẹ́, sà.

"Àfàrà? Èyí tá a fi ń ṣe ilẹ̀kùn?"

Mo wá sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ní 1958, ilé iṣẹ́ Gibson l'Ámẹ́ríkà gbé gìtá méjì jáde tí ìrísí wọn ṣàjèjì sójú gbogbo èèyàn, Flying V àti Explorer. Korina ni wọ́n pe igi tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Igi kan náà ni àwọn oníṣòwò pákó ń pè ní limba, Terminalia superba nínú ìwé àwọn onímọ̀ nípa igi, àfàrà funfun lọ́dọ̀ tiwa. Ó ń hù láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé Kóńgò, igbó ìhà Oǹdó níbí sì wà lára ilé rẹ̀. Àwọn tó ra gìtá méjèèjì yẹn nígbà náà kò pọ̀, àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù láti ìgbà yẹn ti di ohun tí wọ́n ń ta ní owó gọbọi. Bàbá gbọ́ ọ títí, wọ́n wo bẹ́ǹṣì tí wọ́n jókòó lé, wọ́n ní, "Èyí náà?" Mo ní èyí náà ni, sà.

N kò ní tàn yín pé àfàrà ló máa mú ohùn gìtá dùn. Àríyànjiyàn lórí bóyá igi ń yí ohùn gìtá oníná padà kò tíì parí láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n. Èrò tèmi ni pé pickup (òòfà oníwáyà tó ń gbọ́ okùn), okùn, àti bí a ṣe tò wọ́n ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Mo yan àfàrà nítorí pé ó fúyẹ́, ojú igi rẹ̀ gún, ṣísẹ́lì kì í fà á ya, gúlù sì ń mú un dáadáa. Ẹni tó bá gbé ìrókò kọ́ èjìká láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé ìparí á mọ ìdí tí mo fi ka ìfúyẹ́ sí nǹkan pàtàkì. Inú mi tún ń dùn láti gbé ohun tó hù nílẹ̀ wa lé àyà kí n sì fi kọrin.

Pákó tútù láti ibi tí wọ́n ti ń la igi kò ṣeé lò o. Bí a bá gbẹ́ ẹ tán ni omi inú rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbẹ, á sún kì, á tẹ̀, ojú ibi tí ọrùn wọ̀ á sì ṣí. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ igi ń tẹ̀ lé ni pé kí pákó gbẹ nínú afẹ́fẹ́ fún bí ọdún kan fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan tó bá nípọn. Bàbá ní àfàrà kan lókè àjà ṣọ́ọ̀bù wọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé èérú pákó ti bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ìka kàn án, ó dún gbọn-gbọn, kò dún bọ̀ọ̀. A gé e sí méjì, wọ́n fá etí méjèèjì títí tí ìmọ́lẹ̀ kò fi gba àárín wọn kọjá mọ́, wọ́n fi gúlù funfun lẹ̀ wọ́n, wọ́n fi kílámpù dè wọ́n mọ́jú. Nígbà tí wọ́n fá a tán, ó nípọn tó íǹṣì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, bí ti àtijọ́.

A gbé ara àtijọ́ lé e láti fa ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ibi tí ọrùn ń wọ̀ kò ṣeé fà láti ara rẹ̀, nítorí ó ti wú. Ìdí ọrùn gan-an la gbé lé pákó tuntun, a fi bírò tó mú fa ìlà yí i ká, Bàbá sì gbẹ́ ẹ sínú ìlà náà, kì í ṣe lórí rẹ̀. Mìlímítà 16 ni jíjìn rẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ díẹ̀, wọ́n á fẹ́ èérún rẹ̀ kúrò lẹ́nu, wọ́n á ti ọrùn bọ̀ ọ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wo ibi tó dán níbi tí igi ti fara ra igi, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n á tún fi ṣísẹ́lì kàn. Nígbà tó yá, wọ́n tì í wọlé, ó dún kẹ́ẹ́. Wọ́n di ọrùn náà mú lókè, wọ́n gbé e sókè láì fi síkúrù kankan dè é. Ara náà rọ̀ mọ́ ọn, kò já bọ́. Bàbá kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn nà án sí mi.

Bridge àtijọ́ jẹ́ irú tí ń mì, èyí tí a fi ọ̀pá tẹ̀ kí ohùn máa gbọ̀n. Ihò ńlá tó ń la ara gìtá kọjá ni ó ń fẹ́, pẹ̀lú sípíríǹgì lẹ́yìn. N kì í lò ó nínú orin tí mo ń ta, ó sì máa ń jẹ́ kí okùn tètè já ohùn. Mo ní kí ẹnìkan bá mi ra bridge tó dúró gbọnyin láti Èkó, èyí tí a kàn fi síkúrù dè mọ́ ojú pákó. Kí a tó lu ihò rẹ̀, mo so òwú ìránṣọ sí péègì àkọ́kọ́ àti ti ìkẹfà, mo fà wọ́n dé bridge, mo sì ń ti bridge náà sọ́tùn-ún sósì títí tí òwú méjèèjì fi jìnnà sí etí ọrùn bákan náà. Mo wọn 32.4 láti fret kejìlá sí ibi tí okùn tín-ínrín jù máa fi orí lé, mo sì ti fa irin ìforílé rẹ̀ síwájú kí n tó wọ̀n ọ́n, nítorí pé ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń sún sí nígbà tí a bá ń tún ohùn ṣe.

Fáníṣì gbà wá lásìkò díẹ̀. Òjò ṣì ń rọ̀, bí a bá sì fọ́n lacquer nígbà tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ojú rẹ̀ á funfun bàlà. A dúró de oòrùn. Bàbá fẹ́ kun ún ní àwọ̀ ilẹ̀kùn, mo bẹ̀ wọ́n, a fi í sílẹ̀ ní àwọ̀ ara rẹ̀, ìyeyè ráńdẹ́ tí ìlà igi ń hàn lábẹ́ rẹ̀.

Wáyà

Pickup kì í ṣe awo. Irin òòfà mẹ́fà ni, ọ̀kan lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, tí a wá fi wáyà bàbà tó tín-ínrín bí irun wé yí ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Okùn irin ń gbọ̀n lókè òòfà, iná kékeré á jí nínú wáyà, iná yẹn ni amplifier ń sọ di ohùn. Mo fi mítà wọn pickup mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ẹ̀gbẹ́ ọrùn àti ti àárín ka nǹkan bíi kílò-ohm 6, èyí tó yẹ. Ti ẹ̀gbẹ́ bridge kò ka nǹkan kan, wáyà ti já níbì kan.

Mo yá awò kékeré tí àwọn alágogo fi ń ṣiṣẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí i: níbi tí wáyà tín-ínrín náà ti pàdé sọ́dà lójú ihò, omi ti sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, ó já. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé orí òde ló já. Bó bá jẹ́ orí inú, tó wà lábẹ́ gbogbo èyí tí a wé lé e, à bá tú gbogbo rẹ̀. Mo tú ìyípo kan ṣoṣo lára wáyà tí a wé náà kí n lè rí gígùn mú, mo fi sáńdípépà tó kúnná jù fọ ojú rẹ̀ títí tí bàbà fi tàn, mo sọ́dà rẹ̀ kíá kí iná má baà jẹ ẹ́. Mítà ka 6.1. Inú mi dùn ju ìgbà tí mo ra gìtá náà lọ.

Bọ́tìnì fọ́líùmù àti ti tone ti ń ha, ọ̀kan tilẹ̀ ti kú. Kílò-ohm 250 ni irú pickup yìí ń fẹ́. Ọ̀gá onírédíò tí mo lọ bá lẹ́bàá Ọjà Ọba kò ní 250, 500 ló ní. Bí a bá lo 500 bẹ́ẹ̀, ohùn á mú jù, á máa gún etí. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: ẹ sọ́dà resistor kílò-ohm 470 mọ́ ẹsẹ̀ méjì ìta bọ́tìnì fọ́líùmù, wọ́n á di nǹkan bíi 242 lápapọ̀, ó ti tó. Fún ti tone, ẹsẹ̀ méjì tí wáyà wà lára wọn ni kẹ́ ẹ so ó mọ́. Kapásítọ̀ tone wà nínú agolo mílíìkì kan lórí tábìlì ọ̀gá náà, àwọ̀ ewé, àìmọye. Èyí tí wọ́n kọ 223 sí ni kẹ́ ẹ mú: 22 pẹ̀lú òdo mẹ́ta, picofarad 22,000, ìyẹn 0.022 microfarad. Èyí tí wọ́n kọ 473 sí náà ṣeé lò, ó kàn máa ń jẹ́ kí ohùn ṣókùnkùn jù lẹ́nu tèmi.

Ariwo ló kàn. Pickup oníwáyà kan ṣoṣo ń gbọ́ gbogbo iná tó wà nítòsí rẹ̀: iná ìjọba tó ń gbọ̀n ní 50 Hz, ṣájà fóònù, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ínfátà olówó pọ́ọ́kú. A ní láti fi irin tẹ́ inú ihò tí wáyà wà, kí irin náà sì so mọ́ earth. Téèpù bàbà ni wọ́n sábà ń lò, fóìlì tí a fi ń se móínmóín ni mo lò, ìpele méjì. Sọ́dà kì í mú aluminium, nítorí náà mo fi síkúrù kékeré àti wáṣà tẹ orí wáyà earth mọ́ fóìlì náà. Mo fi sẹlotéèpù bo ibi tí wáyà tó ń gbé ohùn ti lè fara kàn án. Wáyà mìíràn gba ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sábẹ́ bridge, kí okùn náà lè wà lórí earth. Bí wáyà yẹn kò bá sí, gìtá á máa kùn títí, kódà bí ẹ bá di okùn mú. Pickup àárín ti gìtá yìí jẹ́ èyí tí wọ́n wé lódì sí àwọn yòókù. Bí mo bá fi súìṣì pa á pọ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo ọ̀kan á pa tèkejì, á dákẹ́ rọ́rọ́.

Títò

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi gìtá tó dára sílẹ̀ pé kò dára. Nut tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ike, okùn ti gé e jìn, ó ń há mọ́ fret àkọ́kọ́. Mo ra egungun ẹsẹ̀ màlúù lọ́jà, mo sè é kí ọ̀rá jáde, mo sá a gbẹ, mo fi hákísọ̀ gé e ní ìwọ̀n mìlímítà 42. Fáìlì tí wọ́n ń ta fún ojú okùn wọ́n. Irin wẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn wẹ́dà fi ń gún ẹnu iná gáàsì wọn mọ́ ṣe iṣẹ́ náà pé, oríṣiríṣi ìnípọn ló wà nínú páálí kan. Mo fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù kun inú ojú kọ̀ọ̀kan kí okùn lè máa yọ̀.

Okùn 10 sí 46 ni mo fi sí i. Ọrùn tẹ̀ síwájú díẹ̀ nígbà tí wọ́n fà tán. Ìwọ̀n tí mo ń wá ni mìlímítà 0.25: ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ wá wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní fret keje sí ìkẹjọ. Ẹ ò nílò irin ìwọ̀n kankan. Okùn 10 nípọn ní 0.010 íǹṣì, 0.25 mìlímítà náà nìyẹn. Mo gé ìyókù okùn tín-ínrín náà, mo kì í bọ àlàfo yẹn. Ó ń já gba ibẹ̀ kọjá láì kan nǹkan kan, mo yí truss rod sápá ọ̀tún ní ìdámẹ́rin ìyípo, mo dúró díẹ̀, mo tún kì í: ó ń ra okùn òkè láì gbé e sókè. Ó ti bọ́ sí i.

Gíga okùn lórí fret kẹtàdínlógún, Fender ní kó jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta íǹṣì, mìlímítà 1.6. Káàdì ATM kan nípọn ní 0.76, méjì tí a gbé léra wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé e. Mo fi wọ́n sábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, mo sì ń yí síkúrù irin ìforílé títí tí okùn fi jókòó lé wọn. Àwọn tó ń ta gìtá wọn gidigidi lè gbé e sókè díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ni ohùn. Ẹ fọwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fret kejìlá kó dún bí agogo, kẹ́ ẹ wá tẹ okùn kan náà mọ́ fret yẹn. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lórí ohun ìtúnùn tó wà nínú fóònù. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ sún irin ìforílé rẹ̀ sẹ́yìn, bó bá lọ sílẹ̀, ẹ sún un síwájú. Ẹ má sì jẹ́ kí pickup sún mọ́ okùn jù. Òòfà á máa fa okùn, ohùn okùn nínípọn á sì máa gbọ̀n bí ẹni pé ó ti já ohùn. Mo tẹ okùn mọ́ fret ìkẹyìn, mo sì fi àlàfo bíi mìlímítà 2 sílẹ̀ lábẹ́ okùn tín-ínrín, díẹ̀ sí i lábẹ́ ti nínípọn.

Títa

Ohùn jùjú ni mo ń wá látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà ní ìpínlẹ̀ yìí ti gbọ́ gìtá King Sunny Adé, ọmọ Oǹdó, kó tó mọ̀ pé gìtá ló ń gbọ́. Ohun tó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ ni bí gìtá púpọ̀ ṣe ń ta ìlà tí kò jọra, tí ẹnìkan ò gorí ẹnìkejì, tí gìtá Hawaii sì ń fa ohùn gígùn kọjá lókè wọn. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kí ohùn ya. Ó fẹ́ kó mọ́, kó tètè kú, kó fi ààyè sílẹ̀ fún gángan. Súìṣì ní ipò kejì láti ẹ̀gbẹ́ ọrùn, pickup méjì pa pọ̀, tone ní ìdajì, echo díẹ̀: ibẹ̀ ni mo máa ń fi sí. Ọ̀rẹ́ mi á tẹ ìlà kan mọ́lẹ̀ tí kò ní yí padà, èmi á máa dá a lóhùn láàárín, a lè wà lórí chord méjì bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ má kánjú fi ohùn kún un. Àlàfo ló ń mú ẹsẹ̀ jó.

Iṣẹ́ kan ṣì kù. Ọyẹ́ ń gbẹ pákó ojú ọrùn, ó ń sún kì, orí àwọn fret sì ń yọ jáde létí rẹ̀, ó ń ha àtẹ́lẹwọ́ bí mo bá sáré kọjá. Èmi á dúró kí ọyẹ́ mú dáadáa kí n tó fi fáìlì pa wọ́n, nítorí ìgbà yẹn ni igi kéré jù, ohun tí a bá pa nígbà náà kò ní tún yọ nígbà òjò. Mo á fi téèpù bo pákó láàárín fret kọ̀ọ̀kan, mo á pa etí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, mo á sì tún truss rod wò lọ́jọ́ kan náà.